Oògùn Tó Wà Létí Ìró Màmá

Nígbà tí ìjà Bàkàsí le, tí ọlọ́pàá ilẹ̀ àjèjì tí à ń gbé ń dá àwa ọmọ Nàìjíríà dúró ní oríta PK8 pé ká mú ìwé ìgbélùú jáde, ìjà kọ́ ló gba ọkàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń jowú.

Ọmọ tó bí kò yè. Ó padà sílé wa ní àdúgbò New Bell, kò jẹun, kò sọ̀rọ̀. Dókítà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni. Ó kọ oògùn fún un, ó sì kìlọ̀ fún Màmá pé kó má fi oògùn náà sí ìkáwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, torí bó bá lò ó jù, ó lè dá ọkàn dúró. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń so ó, tòun ti páálí rẹ̀, mọ́ etí ìró, bí àwọn ìyá wa ṣe ń so owó. Ní ìrọ̀lẹ́, á tú u, á fi ẹyọ kan sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, á sì jókòó tì í títí á fi gbé e mì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé owú yìí dáadáa. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kó máa ṣàìsàn. Èmi náà ò rí oorun sùn. Mo ti gba dìgírì, mi ò ríṣẹ́, àyà mi ń já ṣáá. Mo sọ fún Màmá.

“Ara tìẹ le,” ló wí. “Ṣebí o ti kàwé. Lọ bá mi ra ẹja wá.”

Orí ẹja náà, ẹ̀gbọ́n mi ni Màmá gbé e fún.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń ṣọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá fún un nìyẹn. Nígbà tí àbúrò bàbá wa obìnrin ti Nàìjíríà dé, tó mú oògùn jáde nínú báàgì, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé páálí rẹ̀ wò.

“Èyí lágbára ju ti Faransé lọ,” ni Àǹtí wí. “Ẹ lò ó pọ̀ mọ́ tọwọ́ yín, á tètè yá.”

Màmá ti ń tú etí ìró. Lọ́dọ̀ wa, oògùn tí àlejò bá fi bẹ aláìsàn wò, àbùkù ni kéèyàn má lò ó.

Orúkọ ńlá ara páálí méjèèjì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kékeré ìsàlẹ̀, ti ohun tí wọ́n fi ṣe é gan-an, ọ̀kan náà ni.

“Oògùn kan náà ni,” mo ní. “Ìlọ́po méjì lẹ fẹ́ fún un.”

Àǹtí rẹ́rìn-ín. “Ẹ wo ẹni tó ń jowú oògùn.”

Ó dùn mí, torí òótọ́ ni.

Màmá ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. A jọ lọ sí ilé oògùn. Ẹni tó ń tà á wo páálí méjèèjì, ó ní ọ̀kan náà ni, pé bó bá lò wọ́n pọ̀, ó lè sùn kó má jí mọ́. Màmá di etí tábìlì mú. Ó fi ti Àǹtí sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tá a délé, ó kó èyí tó kù lé mi lọ́wọ́. “Ìwọ ni kó o máa fún un. Ojú ẹ ló wà níbẹ̀.”

Mo tún jowú. Iṣẹ́ ló fún mi, kò béèrè bí mo ṣe wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo na ẹyọ kan sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbé e mì, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

“Ojú ẹ pọ́n,” ló wí. “Ṣé o tiẹ̀ ń sùn?”

Ó sún, ó fún mi láyè lórí ẹní.