Ìyá Ìjọ Tó Ń Yá Ìkòkò

Tí mo bá rí ìkòkò ńlá, Ìyá Ìjọ wa ní Sùúrùlérè ni mo máa ń rántí. Kò fẹ́ kí wọ́n máa pe aláìní síwájú ìjọ láti wá gba ìrẹsì. Á sọ fún àwọn àgbà ìjọ pé, "Ẹ má fi ìtìjú kún ebi tó ń pa wọ́n."

Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi, ìyá mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, torí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun náà síwájú. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Ìyá Ìjọ kan ilẹ̀kùn wa.

"Ọmọ mi, yá mi ní ìkòkò ńlá yín."

Ìyá mi gbé e fún un. Nígbà tó lọ tán, bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Gbogbo bí màmá yìí ṣe ń sè fún ìjọ, wọn ò ní ìkòkò?"

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Ìjọ gbé ìkòkò náà dé. Ìrẹsì, ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ ló kún inú rẹ̀.

Ìyá mi ní, "Mà, ẹ gbàgbé oúnjẹ yín síbẹ̀."

"Mi ò gbàgbé. Ṣé wọ́n ń dá ìkòkò oníkòkò padà lófìfo ni? Ó dọ̀la ní ìsìn o."

Ìyá mi lọ. Kò sẹ́ni tó wò ó níwòkuwò, torí kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ìyá Ìjọ ti sùn nínú Olúwa báyìí, Ọlọ́run sì ti fún bàbá mi níṣẹ́ mìíràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi ṣàkíyèsí pé ọbẹ̀ kì í ta sánsán lọ́dọ̀ àwọn ayálégbé tuntun tí ilé wọn dojú kọ tiwa. Ó wé gèlè, ó lọ kan ilẹ̀kùn wọn.

"Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ìkòkò."