Orúnkún Màmá Mi

Ọdún tí mo fẹ́ lọ́kọ ni ọ̀kadà gbé mi ṣubú nítòsí Dàda Estate, l'Óṣogbo. Egbò san, ṣùgbọ́n orúnkún mi ọ̀tún kọ̀, kò ká mọ́.

Màmá mi wá láti Iléṣà, a jọ lọ rí dókítà. Dókítà ní eegun rírọ̀ inú oríkèé náà ló bàjẹ́. Ó ní lókè òkun, wọ́n ti ń gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á tọ́jú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nínú lábù títí yóò fi pọ̀ sí i, wọ́n á wá dá a padà sójú ibi tó bàjẹ́. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.

Màmá mi ní, "Ẹ gé tèmi fún un. Àwọn tí mo máa ń kúnlẹ̀ kí ti kú tán."

Dókítà ní, "Mà, tara ọmọ yín nìkan ni wọ́n lè lò."

Màmá mi dì mí lọ́wọ́ mú, a padà sílé.

Lọ́jọ́ tí èmi àti màmá mi lọ kí ìyá àfẹ́sọ́nà mi, mo gbára lé ògiri, mo kí wọn lóòró. Wọ́n kàn ń wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní irú ìkíni wo nìyẹn. Inú bí mi, mo yíjú sẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbà tí mo wẹ̀yìn, màmá mi, tó dàgbà ju obìnrin náà lọ dáadáa, ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

Màmá mi ní, "Ẹ má bínú, mà. Orúnkún ọmọ mi rèé."