Kọ̀ǹpútà Tó ń Mí Tí Kò Lajú

Bí ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ lọ bá Bàdírù ní àdúgbò Atong Abè ní Libreville níbí, ẹ má retí pé yóò sáré mú irinṣẹ́. Á kọ́kọ́ gbé etí lé e. Lẹ́yìn náà á gbóòórùn rẹ̀, bí ìyàwó ilé ṣe ń gbóòórùn ọbẹ̀ àná. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ta ìbòrí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìfarabalẹ̀ yìí kò sì yéé bí mi nínú. Oníbàárà á máa làágùn, Bàdírù á máa mu tíì.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé. Keziah ni ìyá náà, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni. Sharon ni ọmọ. Libreville ni wọ́n bí i sí, Faransé ló sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ó gbá kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra bí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá.

"Tonton, ẹ jọ̀ọ́, écran noir ni láti àárọ̀. Soutenance mi, demain matin ni!"

Ó ní ojú kọ̀ǹpútà náà ti dúdú láti àárọ̀, ìgbèjà ìwé àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì ló sì ń pè ní soutenance. Ìwé náà ti wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àwòrán àti àlàyé tí yóò fi gbèjà rẹ̀ níwájú wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tò, inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló wà.

Bàdírù tẹ bọ́tìnnì. Iná kékeré tàn, fáànù inú rẹ̀ dún, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, bóyá àwòrán wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iná ẹ̀yìn rẹ̀ ló kú. Kò sí. Ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n orí tábìlì, tẹlifíṣọ̀n náà kò fi nǹkan kan hàn. Ó yọ bátìrì, ó tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ títí mo fi ka ọgbọ̀n nínú ara mi, kí iná tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè tán. Pàbó.

"Ó ń mí, kò kàn lajú ni," ló wí. Ó sì gbé tíì. Ó kù díẹ̀ kí n gba kọ́ọ̀pù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó tú ìdí kọ̀ǹpútà náà, ó gbé imú sún mọ́ ọn, ó dúró, ó tún gbóòórùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi náà na ọrùn. Òórùn lọ́fíńdà ni, irú èyí tí àwọn aláṣọ funfun máa ń bù sínú omi àdúrà. Mẹ́mórì, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ti rin, ó sì ti ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

Mo bojú wo Keziah. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo lanu báyìí, Bàdírù tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Omi ló wọ ibẹ̀," ló sọ fún Sharon. "Òjò ìlú yìí ò kúkú gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

"C'est ma faute," ni Sharon wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo gbé e sí. Èmi ni mo ba nǹkan mi jẹ́."

Bàdírù fi sípíríìtì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nu gbogbo ibẹ̀, ó fi ìrésà tí ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ ha ẹnu mẹ́mórì náà, ó gbé e síwájú fáànù, ó mu kọ́ọ̀pù tíì kejì. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó tò ó padà. Ó ní "Bísímílà," ó tẹ bọ́tìnnì. Ojú kọ̀ǹpútà di funfun, lẹ́yìn náà fọ́tò Sharon yọ. Sharon pariwo, èmi náà pariwo. Bàdírù kọ́kọ́ da iṣẹ́ ọmọ náà sórí fláàṣì méjì.

"Sharon," Keziah ní, "kì í ṣe òjò. Èmi ni. Lánàá, nígbà tó o wà ní balùwẹ̀, mo wọ́n omi àdúrà sí i. Mo ní kí Ọlọ́run bá mi fọwọ́ sí iṣẹ́ ọmọ mi. Ojú ló ń tì mí láti àárọ̀."

Mo rò pé ọmọ náà máa bínú. Èmi ì bá bínú.

"Maman, omi yẹn ṣẹ́kù?"

Keziah mú ìgò kékeré jáde nínú báàgì. Bóyá ó rò pé wọ́n fẹ́ dà á nù ni. Sharon kúnlẹ̀ sáàárín àwọn wáyà ilẹ̀ yẹn.

"Orí mi ni kẹ́ ẹ wọ́n ọn sí. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́la."

Keziah gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó ń gbàdúrà, ó ń sunkún. Bàdírù, ọmọ Ààfáà, ń ṣe "Àmín" kíkankíkan. Ó ti gbá kọ̀ǹpútà náà mọ́ àyà, ó sì kẹ́yìn sí wọn, kí omi má baà ta sí i.