Mo Ti Yó, Ẹ Ṣé Mà

Mo ní ìwé kan, olójú-ewé ọgọ́rin, tí mò ń kọ oúnjẹ alẹ́ àwọn ọmọ mi méjèèjì sí. Mo fi rúlà pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́rin: ọjọ́, oúnjẹ, iye ṣíbí, àlàyé. Ṣíbí tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ṣíbí lásán. Ṣíbí tíì kan ṣoṣo ni, tí mo fi ìṣó fá àmì sí nídìí, torí mo ti fi omi wọn gbogbo ṣíbí ilé wa, mo sì rí i pé kò sí méjì tó gba iye kan náà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlá. Ohun tí mo mọ̀ nípa oúnjẹ ọmọdé, orí fóònù ni mo ti kà á, àti lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìtọ́jú aláboyún, tí mo kà ní àkàtúnkà nígbà oyún méjèèjì.

Mo mọ̀ pé ẹ̀wà tí a rẹ mọ́jú, tí a sì bó, máa ń rọ ikùn ọmọ lọ́rùn ju èyí tí a kàn sè lọ. Mo mọ̀ pé ṣíbí edé lílọ̀ kan ló tó fún abọ́ ògì kan. Tó bá di méjì, òórùn rẹ̀ á lé ọmọ. Mo mọ iye ìṣẹ́jú tí ògì fi ń tutù tó fún ẹnu ọmọ ọdún kan ààbọ̀: méje, bí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìdí tí ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, kì í fi í jẹun lálẹ́.

Jẹ́lé-ó-sinmi wọn máa ń parí ní aago méjì, èmi sì máa ń kúrò níbi iṣẹ́ ní aago mẹ́rin. Títí n ó fi dé, ọ̀dọ̀ ìyá aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ilé ìwé ni wọ́n máa ń wà. Mùsùlùmí ni, ẹgbẹ́ mi ni, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa bá àwọn ọmọ tòun ṣeré. N ó pọn ọmọkùnrin, n ó gbé ọmọbìnrin sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, a ó délé, n ó tan gáàsì kí n tó bọ́ bàtà.

Aago márùn-ún ààbọ̀, oúnjẹ ti dé orí tábìlì. Ọmọkùnrin á jẹ tirẹ̀ tán, á nawọ́ sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á ti abọ́ sí i, á kúnlẹ̀, á ní, "Mo ti yó, ẹ ṣé mà."

Èmi ni mo kọ́ ọ lọ́rọ̀ yẹn. Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni mo ti ń sọ fún un pé ọmọ tó ń jẹun káàkiri, olójúkòkòrò ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fi oúnjẹ lọ̀ ọ́ níta, kó kúnlẹ̀, kó dúpẹ́, kó ní òun ti yó, ì báà jẹ́ pé ebi fẹ́ pa á kú. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Nítorí náà, bó bá ti sọ ọ́ nílé, mi ò kà á sí ọ̀rọ̀. N ó dìde lọ mú iyọ̀, n ó padà, n ó dìde lọ wá epo, n ó padà. Mo pààrọ̀ abọ́ funfun sí pupa. Mo gé dòdò wẹ́wẹ́, lọ́jọ́ kejì mo gé e gbọọrọ. Iye ṣíbí: méjì. Àlàyé: ó tu ọ̀kan.

Ohun kan wà nínú ìwé náà tó yẹ kó ti là mí lójú. Ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ọmọ náà ń jẹun. Mo fi báírò pupa kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀: bàbá rẹ̀ wà nílé. Ìlọrin lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Nígbà tí mo fi hàn án, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ya ojú ewé náà ní fọ́tò.

Mo tún ra ìwọ̀n tí èèyàn ń gùn. Mo dá a gùn, mo gbé ọmọ gùn ún, mo yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ tí kì í jẹun fi ìdajì kílò wúwo sí i. Mo gbé àpò ìrẹsì kílò mẹ́wàá lé ìwọ̀n náà, ó ní mẹ́wàá géérégé. Síbẹ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé: ìwọ̀n yìí ò péye.

Ìyá ọkọ mi ló mú ọ̀rọ̀ náà gbóná. Wọ́n wá láti Ìgbájọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n jókòó dojú kọ ọmọ náà, wọ́n sì wò ó bó ṣe ti abọ́ kúrò.

"Ìyàwó, ṣé bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ṣùgbọ́n mò ń kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ò ń kọ ọ́ sílẹ̀." Wọ́n wo ìwé náà bí ẹni ń wo ẹja tó ti jẹrà. "Ṣé ìwé ni yóò bá a jẹ ẹ́? Mò ń padà bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Bí ọmọ yìí ò bá jẹun lójú mi, èmi àti ẹ̀ la jọ ń lọ. Ilé ìwé wà ní Ìgbájọ."

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù. Ó ní, "Táàmù kan péré ni. Jẹ́ kó lọ."

Táàmù kan péré náà ni wọ́n ní kí èmi lọ lò lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ire nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọdún mẹ́fà ni mo lò. Lọ́jọ́ tí mo padà délé, ìyá mi gbé oúnjẹ ka iwájú mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti yó, ẹ ṣé mà. Wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n gbé abọ́ náà kúrò. Ebi ni mo gbé sùn nílé ìyá tó bí mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ku ọ̀la kí Màmá dé, ara mi ò balẹ̀ níbi iṣẹ́. Mo tẹ lẹ́tà kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta, àṣìṣe kan náà ni mo ń ṣe. Ọ̀gá mi ní kí n máa lọ sílé. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dé ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ. Lábẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ẹní wà nílẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́rin yí tíréè àdàlú kan ká. Ọmọbìnrin mi ń fọwọ́ jẹ, epo ń dán ní àgbọ̀n rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. Bó ṣe rí mi, ó fi ọwọ́ pa mọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá ọmọ," ni ìyá aránṣọ wí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ. "Ẹ bisimilah. Ó ṣì kù nínú ìkòkò."

Mi ò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀. "Mo ti yó," ni mo wí. "Ẹ ṣé."

Ẹ̀rọ dúró. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà! Bí ọmọ yín ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ojú ẹ̀ sì wà nínú abọ́ ọmọ mi. Mo ní, ọmọ dáadáa, ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, ẹni tó bá yó ló ń ní òun yó."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé táàmù yìí."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Kí n sọ pé kí ni? Pé mo bu ẹ̀wà fọ́mọdé? Ṣé kẹ́ ẹ lè wá da ọpẹ́ bò mí mọ́lẹ̀ ni?"

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló máa ń bù?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ ègbo, ẹ̀ẹ̀mẹta." Ó rí i tí mo ki ọwọ́ bọ báàgì. "Ìyá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ èmi sínú ìwé tí ọmọ yín máa ń sọ yẹn o."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ṣe ohun tó ń tì mí lójú. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má fún ọmọ mi lóúnjẹ lọ́jọ́ yẹn, kí ebi lè mú un jẹun lójú ìyá ọkọ mi. Ìyá aránṣọ ń gbálẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni tòní." Ọmọ mi fò sókè. Mo bá ọ̀nà iṣẹ́ mi lọ.

Màmá dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú báàgì ńlá kan tó ṣófo àfi ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo bu iṣu àti ẹyin. Ọmọbìnrin mi wo abọ́, ó kúnlẹ̀.

"Mo ti yó, ẹ ṣé mà."

Màmá yíjú sí báàgì wọn.

"Màmá, òótọ́ ló ń sọ," ni mo wí.

"Òótọ́ wo? Ọmọ tí ò fọwọ́ kan nǹkan?"

Mo ń rìn lọ, mo ń rìn bọ̀, mo ń ròyìn: ìyá aránṣọ, tíréè, àdàlú, títí kan ìwọ̀n tí mo pè ní onírọ́. Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n pe ọmọ náà sọ́dọ̀.

"Kí lo jẹ lónìí?"

Ó wo ojú mi. Mo mọ ohun tó ń wá níbẹ̀.

"Sọ fún wọn," ni mo wí. "Mi ò ní bá ọ wí."

"Ọ̀lẹ̀lẹ̀."

"Mélòó?"

Ó na ìka mẹ́ta, ó rò ó, ó fi ìkan kún un.

Màmá fi ìka méjì tẹ ikùn rẹ̀ wò, bí ẹni ń yẹ ìbẹ́pẹ wò lọ́jà. Wọ́n tún un tẹ̀. "Ọmọ yìí yó," ni wọ́n wí. "Ìwọ tó o ní ìwé, o ní ìwọ̀n, o ò lè fọwọ́ kan ikùn ọmọ ẹ?"

Wọ́n fa iṣu náà sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. "Lọ́la kí n tó lọ, mú mi lọ sọ́dọ̀ aránṣọ yẹn. Yúnífọ́ọ̀mù ọmọ yìí ti kúrú, kó bá wa tú ìsàlẹ̀ rẹ̀." Wọ́n jẹ òkèlè mìíràn. "Iyọ̀ ò tó. Ìwọ ńkọ́, o ti jẹun?"

Ẹnu mi ti là, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ahọ́n. Mo pa á dé.

"Rárá, Màmá. Ebi ń pa mí."

"Wá jókòó nígbà náà. Láti ìgbà tí mo ti dé lo ti ń rìn káàkiri."

Mo jókòó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọmọkùnrin mi ti wọ inú báàgì náà, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀.