Ògiri Bàbá, Ògiri Màmá

Láti ìgbà tí mo ti ń kun ilé káàkiri Mushin àti Yábà, n kò tíì rí pálọ̀ tó fún mi ní ẹ̀fọ́rí bíi ti tọkọtaya tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Súrúlérè. Àwọn àna ń bọ̀ ní Sátidé láti wá mọ ilé Bísí, àbíkẹ́yìn wọn. Ìyá ọkọ kò tíì rí i rí, wọ́n sì ti sọ fún Bísí pé ìyá náà kì í tètè gba ìyàwó. Ẹ̀rù ń ba ọmọ náà. Àwọ̀ ògiri ló ká àwọn òbí ẹ̀ lára.

"Kíríìmù ni," Bàbá wí. "Ilé ọ̀mọ̀wé kì í pariwo."

"Àwọ̀ ewé ni," Màmá dáhùn. "Kíríìmù tó dà bí ògì tó ti kan? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n rò pé à ń gbààwẹ̀ ni?"

Mo fi méjèèjì ra ògiri díẹ̀, mo ní ká dúró, torí ọ̀dà tútù máa ń parọ́. Ó gbẹ tán, ìjà kò tán. Bàbá pe ọ̀rẹ́ wọn wá wò ó, Màmá pe àwọn ìyá ìjọ. Inú bí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kun èyíkéyìí," Bísí bẹ̀ mí. "Èmi ni wọ́n ń bọ̀ wá wò."

Nígbà tó yá, wọ́n pín ògiri bí ẹni pín ogún: méjì fún Bàbá, méjì fún Màmá. Mo kùn ún, ilé onílé ni.

Lówùúrọ̀ Sátidé, Bàbá kó kàlẹ́ńdà àti fọ́tò ìfẹ̀yìntì wọn jáde, wọ́n fi bo àwọ̀ ewé pátá. Màmá náà kò gbà: fọ́tò ìgbéyàwó, ti ìsìnkú ìyá wọn, ti ẹgbẹ́ akọrin, gbogbo ẹ̀ ló lọ sórí kíríìmù. Àwọn tó fi gbogbo ayé wọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ìjà kò dára nìyẹn o!

Wọ́n ní kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n máa kìlọ̀ fáwọn àlejò nítorí ọ̀dà ara ilẹ̀kùn tí kò tíì gbẹ. Ìyá ọkọ jókòó, wọ́n fara balẹ̀ wo ògiri yíká.

"Fọ́tò yín mà pọ̀ o," wọ́n fẹ̀rín sí i. "Èwo ni ìyàwó wa nínú wọn?"

Bàbá wo Màmá, Màmá wo Bàbá. Èmi náà bá wọn wá a títí, n kò rí i. Ojú tì mí bí ẹni pé ilé mi ni.

Bísí gbé omi wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Èmi nìyí, mà."