Ìkúnlẹ̀ Zaynab

Ìsọ̀ aṣọ ni Ràdíyàtù ní nínú ọjà ńlá Treichville, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Màmá Kúnlẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Yorùbá tó bá gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá láìkúnlẹ̀ kí i, yóò pè é padà ni, bí ìyá ọmọ náà tilẹ̀ ń kánjú. Kadi, obìnrin Jùlá tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí kò bá ṣọ́ra, àwọn oníbàárà náà yóò kúnlẹ̀ kí wọ́n tó ra aṣọ. Ràdíyàtù á rẹ́rìn-ín, á ní láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá òun ti gbé ìwà wá sí Abidjan, kò sì ní sọnù sọ́wọ́ òun.

“Faransé lè gba ẹnu ọmọ,” ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, “kò gbọdọ̀ gba orúnkún rẹ̀.”

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Zaynab ọmọ ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ọmọ ọdún méje ni, ọmọ Wàhábì, ọmọkùnrin Ràdíyàtù tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Vridi. Yorùbá kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu bó tilẹ̀ ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bó bá ti jí, á kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi dun ìyá àgbà nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kí i lóòró. Á di ògiri mú, á tẹ orí díẹ̀, á ní, “Bonjour, mamie.” Ràdíyàtù ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé ló ń kọ́ ọ ní àrífín. Ó ní kó padà wá kúnlẹ̀ dáadáa. Zaynab di itan ara rẹ̀ mú, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ ṣánṣán bí ẹni tó ru omi, omijé sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ràdíyàtù rí omijé náà. Ẹkún agídí ló pè é.

Nígbà tó yá, ọmọ ní ẹ̀yìn ń dun òun. Wọ́n ní báàgì ìwé rẹ̀ ló wúwo jù. Ràdíyàtù fi òrí pa á lẹ́yìn, ó fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Kàkà kó sàn, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ta jí lójú oorun, oúnjẹ kò wù ú mọ́, ara rẹ̀ ń gbóná, ó ń rọlẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, kò lè jókòó rárá. Wàhábì ti lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ràdíyàtù ní kí Kadi bá òun wo ìsọ̀.

Kó tó gbé ọmọ náà jáde nílé, ó fi omi tútù wẹ̀ ẹ́, ó fún un ní oògùn tó ń lé ibà, ó wọ̀ ọ́ ní aṣọ tó dára jù lọ. Ànàgó ni wọ́n ń pe Yorùbá ní ìlú náà, kò sì fẹ́ kí nọ́ọ̀sì kankan wo ọmọ òun kó ní Ànàgó kì í tọ́jú ọmọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ takisí.

Ibi tí wọ́n ti ń gba aláìsàn pàjáwìrì kún dẹ́nu. Ọkùnrin kan tí alùpùpù gbé ṣubú ń kérora lẹ́yìn kọ́tìnì. Germaine, nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n, jẹ́ ọmọ ará Àjàṣẹ́ ní Benin, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó wọn ìgbóná ara ọmọ náà, kò rí ibà kankan. Dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Valéry wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ṣé ọmọ ṣubú? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ? Ṣé ó ń tọ̀ sára? Ràdíyàtù ní rárá. Ṣé ìrora náà ń jí i lóru? Ó ní ó ń jí díẹ̀ díẹ̀. Ṣé ara rẹ̀ ti ń gbóná? Ràdíyàtù wo aṣọ funfun ọmọ náà, ó ní, “Kò gbóná.”

Zaynab dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Ohun yòówù tí dókítà bi í, “Ça va”, pé kò sí wàhálà, ló ń dáhùn, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ pé ọmọlúwàbí kì í ráhùn níwájú àlejò. Dókítà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, agbára wà níbẹ̀. Ọkùnrin alùpùpù tún ké. Dókítà mú bírò, ó ní ó jọ pé iṣan ló wọ́, òun yóò kọ oògùn ìrora, kí wọ́n padà wá bí kò bá sàn.

Ọkàn Ràdíyàtù rọlẹ̀. Ó gbé ọmọ sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó sọ sí i létí pé, “Dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà.”

Zaynab di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ le gbagidi bí pákó, òógùn bò ó létè.

Bírò dúró lórí ìwé. Dókítà yọ ìdérí rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó ní kí Zaynab bá òun mú un. Ọmọ náà wo ìdérí náà bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ kànga. Kò tẹ̀. Orúnkún nìkan ló fi lọ bá a, ó fi orí ìka fà á mọ́ra.

Dókítà béèrè ìgbà tó ti ń ṣe báyìí. Faransé ọjà tí Ràdíyàtù ń sọ sá kúrò lẹ́nu rẹ̀. Germaine túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún un: “Màmá, ó ní ìgbà wo ló ti ń kúnlẹ̀ báyìí?”

Ràdíyàtù mọ̀ pé bí òun bá ní bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ nìyẹn, wọn yóò máa lọ sílé. Bí òun bá sì sọ òótọ́, gbogbo wọn yóò mọ̀ pé òun ti rí omijé náà.

“Ó ti pẹ́,” ló wí. “Mo pè é ní àrífín. Mo ní kó tún un ṣe. Ara rẹ̀ gbóná láàárọ̀ yìí. Mo fún un lóògùn ká tó máa bọ̀.”

Kò sẹ́ni tó bá a wí. Dókítà fa ìwé oògùn náà ya. Ó ní kí Zaynab dojú bolẹ̀, ó ń fi ìka tẹ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọrùn wá sísàlẹ̀. Nígbà tó dé ìbàdí, ọmọ tó ti ń sọ “Ça va” láti àárọ̀ figbe ta, Yorùbá ló sì fi ké: “Ó ń dùn mí, ó ń dùn mí.”

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e lọ ya àwòrán ẹ̀yìn. Dókítà ṣàlàyé pé ẹ̀yìn dídùn tó ń jí ọmọ kékeré lójú oorun, tí ibà tẹ̀ lé, tí kò jẹ́ kó tẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ báàgì títí wọn yóò fi wò ó délẹ̀. Ó ń bẹ̀rù pé àrùn ti wọ àárín eegun, bó bá sì pẹ́ níbẹ̀, ó lè fún iṣan tó ń lọ sẹ́sẹ̀.

“Ṣé yóò rìn?” ni Ràdíyàtù béèrè.

Dókítà ní agbára ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìyẹn dára. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò búra.

Wàhábì bá a lórí àga tòun ti bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Kó tó béèrè ohunkóhun, ìyá rẹ̀ ti sọ ohun tóun ṣe fún un. Wàhábì jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí Germaine fi jáde wá. Òótọ́ ni, àrùn wà láàárín eegun méjì ní ìbàdí, kò tíì kan iṣan ẹsẹ̀. Wọ́n dá Zaynab dúró, wọ́n ń gba iṣan ọwọ́ fún un lóògùn. Ìrora náà kò tètè lọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà sọ pé àlókò, ìyẹn dòdò, ń wu òun jẹ ni Ràdíyàtù tó lè sunkún.

Zaynab ti padà sọ́jà báyìí. Ní àràárọ̀, àjákù aṣọ kan á ṣèèṣì bọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀. Ọmọ náà á tẹ̀, á he é, á ní, “Mamie, ẹ tún ti jù ú sílẹ̀.” Kadi ní Màmá Kúnlẹ̀ ti di Màmá Bá-mi-mú-un.

Ọmọ tó bá sì kí i lóòró, kì í bá a wí mọ́ kó tó kọ́kọ́ béèrè ibi tó ń dùn ún. Àwọn ọ̀lẹ inú wọn ti mọ̀. Wọ́n á ní ẹ̀yìn ni, wọ́n á sì sá lọ tẹ̀ríntẹ̀rín. Á wò bí wọ́n ṣe ń sáré títí wọn yóò fi yà ní kọ̀rọ̀.