Ẹni Tí Yóò Dúró Lẹ́yìn Katakata

Láti ìgbà tí ìyàwó Má-kánjú ti kú, ohùn rédíò nìkan ló kù nínú ilé rẹ̀, rédíò kì í sì í dúró gbọ́ èsì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti là á mọ́lẹ̀ fún un lórí fóònù: "Bàbá, bí ẹ ò bá lè dá oko yẹn ṣe lọ́dún yìí, ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́, kí ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi." Má-kánjú ti rí yàrá tí ọmọ náà fẹ́ fi í sí. Ògiri ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí.

Katakata ńlá tó ní tẹ́lẹ̀ ti ga ju ohun tí orókún rẹ̀ lè gùn lọ, ló bá tà á, ló bá gba ọgbà mẹkáníìkì kan tó ń ta àlòkù lọ. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì katakata kékeré kan. Ó tutù. Ó dára, wọn ò tíì mú un gbóná dè é láti fi bo àléébù rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣíná sí i. Ó tu èéfín dúdú díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀.

"Baba, èyí ò níjọ̀ngbọ̀n," ni mẹkáníìkì wí. "Ì bá ṣe pé ìyàwó mi rí báyìí!"

Má-kánjú fi ẹnu nìkan rẹ́rìn-ín. "Mo ní irin ìtúlẹ̀ lóko. Alábẹ mẹ́ta ni."

"Alábẹ mẹ́ta kẹ̀? Ẹ fẹ́ di ẹrù erin lé ewúrẹ́ lórí! Bó bá gbé e, ẹsẹ̀ iwájú ló máa kúrò nílẹ̀. Alábẹ kan ni tiẹ̀."

Má-kánjú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kun irin ọ̀hún ní ọ̀dà pupa.

"Ta ni yóò máa dúró lẹ́yìn fún yín, bí ẹ bá ń kọ́ irin mọ́ ọn?" ni mẹkáníìkì bi í.

Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń dúró síbẹ̀, tí yóò máa pariwo bí Má-kánjú ti ń fi katakata fẹ̀yìn rìn bọ̀: "Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ó tó!" Bó bá rìn kọjá, obìnrin náà á fò sẹ́yìn: "Ṣé ẹ fẹ́ fi mí kọ ebè ni?"

"Mi ò lẹ́ni lẹ́yìn," ni Má-kánjú wí.

Mẹkáníìkì kò ṣàwàdà mọ́. Ó wọ́ irin alábẹ kan jáde. "Ẹ fọwọ́ tì í wò." Má-kánjú tì í, irin náà sún. "Ṣé ẹ rí i? Bí ihò rẹ̀ ò bá ko ihò katakata kí pínnì wọ̀ ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ sún un. Èyí ò nílò aláriwo."

Ó ra méjèèjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi katakata fẹ̀yìn rìn lọ síbi irin náà lóko. Ó rìn kọjá, ó gbá a gbàù. Ó dúró, ó ń retí èébú. Ẹyẹ kan ló fò dìde. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sún irin, ó gun òkè, ó tún sọ̀ kalẹ̀, orókún ń ké. Nígbà tó yá, pínnì wọlé.

"Ó tó," ló wí. Ohùn rẹ̀ há, nítorí kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti àná.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti tú ilẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ibi tí irin pupa wà nínú koríko. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Wá nǹkan mìíràn fi yàrá yẹn ṣe."

"Bàbá, ta ló ràn yín lọ́wọ́?"

"Kò sẹ́ni."

Nígbà tí ọmọ ti sọ fóònù kalẹ̀, oko dákẹ́ rọ́rọ́. Má-kánjú wo ẹ̀yìn katakata, níbi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń dúró sí. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ti tán, síbẹ̀ ó tún ṣíná sí katakata, ó sì jókòó tì í, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀.